Mo fa nóòdù Set, tèmi yí padà, ti ọ̀rẹ́ mi kò yí: ta ló ni iye inú ọpọ́n ayò?

Ìbéèrè, láti Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Mò ń kọ́ ayé kékeré kan lórí VRChat, ibi tí èèyàn ti ń pàdé ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: abẹ́ igi kan bíi ti Ouando níbí, bẹ́ǹṣì méjì, ọpọ́n ayò láàárín wọn, kí àwọn ará wa tó wà ní Cotonou àti Paris lè máa wọlé wá ta ayò lálẹ́. Udon Graph ni mo fi ń ṣe é, níbi tí a ti ń fi wáyà so àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n ń pè ní nóòdù pọ̀, torí mi ò gbọ́ C#, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù. Mo ti to iye ọmọ ayò ilé méjèèjìlá sínú variable kan (ibi tí a ń kó iye sí), mo sì ti fi àmì sí "synced" lára rẹ̀. Bí mo bá tẹ ilé kan, ọmọ ayò á pín yíká lójú tèmi bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí òdìkejì kò ní rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ mìíràn yóò rí i. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, tèmi gan-an á ṣàdédé padà sí bó ṣe wà kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo ti pa nóòdù Set tó ń yí iye náà padà rẹ́, mo tún un fà, ibi tí a wà náà la ṣì wà. Ṣé réseau (íńtánẹ́ẹ̀tì) wa ni àbí nóòdù yẹn?

* * *

Fi réseau sílẹ̀, àbúrò. Iye tí kì í ṣe tìẹ lo ń yí padà.

Lórí VRChat, gbogbo nǹkan tó ní iye "synced" lára ló ní onínǹkan, ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó wà nínú ayé náà lákòókò yẹn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì gbà á, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé, tí wọ́n ń pè ní master, ló ni ín. Iye tó wà lọ́wọ́ onínǹkan ni VRChat ń kó lọ fún àwọn yòókù. Ti ẹlòmíràn kò lọ síbì kankan. Àmì "synced" tí o fi síbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ: ó ní kí iye yìí máa ti ọ̀dọ̀ onínǹkan lọ sọ́dọ̀ àwọn tó kù. Kò ní kí gbogbo wa jọ máa kọ ọ́.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé nóòdù Set kì í kọ̀ fúnni. Kò ní kọ àṣìṣe pupa kankan sí Console. O ní kó sọ 4 di 0, ó sọ ọ́ di 0 lórí kọ̀ǹpútà tìrẹ, àwòrán ọpọ́n sì yí tẹ̀ lé e. Nígbà tí onínǹkan bá wá fi tirẹ̀ ránṣẹ́, tirẹ̀ á bo tìẹ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ayò rẹ fi ń padà sílé tí wọ́n ti kúrò. Ọjọ́ tó sì "ṣiṣẹ́", lọ wò ó dáadáa, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìwọ lo kọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ náà.

Bí wáyà ṣe yẹ kó lọ rèé. Láti Interact (ìṣẹ̀lẹ̀ tó ń dún bí èèyàn bá tẹ nǹkan), fà á lọ sí Networking SetOwner, tó ń sọ ẹnì kan di onínǹkan: LocalPlayer (ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà náà) lọ sí ihò player, ọpọ́n náà fúnra rẹ̀ lọ sí ihò obj. Lẹ́yìn ìyẹn ni Set. Lẹ́yìn Set ni RequestSerialization, tó ń ní kí VRChat fi iye náà ránṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí o pe ìṣẹ̀lẹ̀ tó ń to ọmọ ayò sójú ọpọ́n. Àwọn kan máa ń fi ìdádúró bíi ìṣẹ́jú àáyá kan sáàárín SetOwner àti Set, wọ́n ní kí VRChat lè kọ́kọ́ gbọ́. Kò pọn dandan. Lójú kọ̀ǹpútà tìrẹ, o ti di onínǹkan lẹ́sẹ̀kan náà, o lè máa kọ ọ́ lọ.

Kí o sì yí ọ̀nà ìfiránṣẹ́ sí Manual, níbi tí iye kì í lọ àfi bí o bá RequestSerialization. Nínú Continuous, VRChat ló ń pinnu ìgbà tí iye yóò lọ, nǹkan bíi baiti 200 ló lè gbé lẹ́ẹ̀kan, kò sì gba iye tó tò léra wọn bíi tìrẹ rárá. Ohun tó ń rìn láìdúró ni Continuous wà fún, bíi bọ́ọ̀lù tó ń yí lọ. Ọmọ ayò kì í kúrò lójú kan àfi bí ẹnì kan bá ta á.

* * *

Ará Kétu kan fèsì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ SetOwner yẹn. Mo kọ́ Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, sórí VRChat, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí, ó sì ń tì. Bí gbogbo èèyàn bá ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ ara wọn, rúkèrúdò ni yóò dá sílẹ̀. Master ni kó máa kọ gbogbo iye. Kí àwọn yòókù fi SendCustomNetworkEvent, nóòdù tó ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, bẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan ń kọ̀wé, ìjà parí.

* * *

Èrò tó wọ́pọ̀ jù lọ nìyẹn, mo sì mọ ibi tó ti wá. Bí ìwé alájọ ni: ọwọ́ ẹnì kan ló yẹ kí bírò wà. Lórí owó, lórí àmì ìdíje, lórí ohunkóhun tí èèyàn lè fẹ́ jí, mo wà lẹ́yìn rẹ. Bí o bá sì fẹ́ lọ lọ́nà yẹn, fi ìlà ìsàlẹ̀ ( _ ) ṣáájú orúkọ gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ tí o kò fẹ́ kí ẹlòmíràn pè láti òkèèrè. VRChat kì í gbà kí réseau pe ìṣẹ̀lẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ "fún un ní owó" sílẹ̀ gbayawu, tí wọ́n á tún máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ta ni master yìí gan-an? Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè má mọ ayò ta. Ó lè má tilẹ̀ sún mọ́ ìdí ọpọ́n. Pọ́tábù tí bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ kú ló lè fi wọlé. Ẹni tó wà ní Ouando yóò tẹ ilé, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yóò lọ bá master ní Paris, master yóò kọ ọ́, kó tó wá padà dé Ouando. Àlọ àti àbọ̀ nítorí ọmọ ayò mẹ́rin. Ọ̀ta ayò kì í ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Yóò rò pé títẹ̀ tí òun tẹ̀ ẹ́ kò wọlé, yóò tún un tẹ̀, ẹ̀bẹ̀ méjì ló ti lọ yẹn, o sì mọ ohun tí master yóò fi èkejì ṣe.

Ní ti ilẹ̀kùn Àkàbà Ìdẹ̀nà, ibẹ̀ gan-an ni mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lo SetOwner. Ó ṣí tàbí kò ṣí, òun nìkan ni iye tó wà níbẹ̀. Bí èèyàn méjì bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó burú jù ni pé kó tún tì, kí ẹnì kan tún un ṣí. Kò sí ẹni tó pàdánù nǹkan kan.

Ohun tí mo máa ń bi ara mi kí n tó fa wáyà ni pé: bí méjì bá kọ ọ́ pọ̀, kí ló bàjẹ́? Bí kò bá sí, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni kó gbà á. Bí ó bá jẹ́ ohun tí à ń kà, tí à ń fi jiyàn, kó wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ti ayò yàtọ̀ sí méjèèjì, nítorí eré náà fúnra rẹ̀ ti sọ ẹni tí bírò kàn. Ẹni tó kàn láti ta ni onínǹkan. Bó bá ta tán, ó di ti ẹnì kejì. A ò tún nílò adájọ́ láti òkèèrè.

* * *

Ará Ṣàbẹ́ kan dá sí i

Kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún? Ayò ní òfin. Bí mo bá fi ìṣẹ̀lẹ̀ "mo ta ilé kẹta" ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn, kọ̀ǹpútà kálukú á pín in fúnra rẹ̀, èsì kan náà ni gbogbo wa á bá. Mo ní eré ìdíje gígun òkè kan tí mi ò fi àmì synced kankan sí, ó sì ń lọ geerege.

* * *

Yóò máa lọ geerege títí ẹnì kan yóò fi pẹ́ dé.

VRChat kì í tọ́jú ìṣẹ̀lẹ̀. Ó kígbe ẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́, ó tán. Ẹni tó bá wọlé nígbà tí ayò ti dé àárín yóò bá ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn tó ń ta á ti jẹ tó ìdajì. Yóò máa dá sí ọ̀rọ̀ bí àwọn òǹwòran ṣe máa ń ṣe, "ta tibí, ta tọ̀hún", lórí ọpọ́n tí kò sí lójú ẹnikẹ́ni mìíràn. Bí ẹnì kan bá sì dìde, tí ẹni tó pẹ́ dé yìí wá jókòó, ẹ ti bọ́ sínú ayò méjì lórí ọpọ́n kan. Kò sí ohun tí yóò tún un ṣe, torí kò sí ibi kankan tí iye tòótọ́ wà. Iye synced ò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni VRChat ń kó o fún láìjẹ́ pé o fa wáyà kankan, OnDeserialization, ìṣẹ̀lẹ̀ tó ń sọ pé iye tuntun ti dé, á sì dún lọ́dọ̀ rẹ̀.

Èyí tí mo fara mọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni ariwo. Ìró ọmọ ayò bó ṣe ń bọ́ sínú ilé, àtẹ́wọ́, iná tó ń tàn nígbà tí ẹnì kan bá jẹ, ìṣẹ̀lẹ̀ ló dára jù fún gbogbo ìyẹn. Kò sí alejò tó nílò láti gbọ́ àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa kó tó dé.

Ohun kan fún ẹ̀yin tí ẹ ń dán ayò wò: ẹ gbé pátákó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, kí ẹ kọ iye inú ilé méjèèjìlá sí i, pẹ̀lú ohun tí kálukú ti jẹ, àti àpapọ̀ gbogbo rẹ̀. Àpapọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 48 nígbà gbogbo. Bó bá di 47, wáyà tó ń pín ọmọ ayò ló ní àléébù. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ nìkan kò tó, torí ẹni tó pẹ́ dé lábẹ́ ọ̀nà ará Ṣàbẹ́ yìí yóò rí 48 tirẹ̀ pé pérépéré. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì ka nọ́ńbà ilé wọn síra wọn létí. Ibẹ̀ ni irọ́ ti ń jáde.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè nípa délestage, ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe àwàdà. Iná lọ ní Àjàṣẹ́, onínǹkan ń bẹ lórí bẹ́ǹṣì: kí ló dé bá ọpọ́n?

VRChat kì í mọ̀ lẹ́sẹ̀kan náà. Ẹni náà á kọ́kọ́ dúró gbagidi bí ère. Nígbà tó bá yá, wọn á yọ ọ́, ọpọ́n á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ṣì wà nínú ayé náà. Ohun tí onínǹkan tuntun yìí ní ni èyí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Gbogbo ohun tí onínǹkan àkọ́kọ́ ti Set ṣùgbọ́n tí kò tíì RequestSerialization ti bá iná lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn tó fẹ́ràn ẹwà jà. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ ayò máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá máa Set ilé kan, wọ́n á fi ránṣẹ́, wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á Set èkejì. Bí iná bá lọ láàárín, ọmọ ayò mẹ́ta wà lójú ọ̀nà tí kò sí nínú ilé kankan. Ṣírò gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Set lẹ́ẹ̀kan. Fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí kọ̀ǹpútà kálukú máa fi ọmọ ayò ṣeré bọ́ sílẹ̀ bó ṣe wù ú, ojú lásán nìyẹn.

Ní ti forfait (data tí à ń rà), mo ti gbọ́ ọ́ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ pé "synced ń jẹ data". Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ilé 12, ohun tí ẹni méjì ti jẹ, àti ẹni tó kàn: iye 15. Int kọ̀ọ̀kan jẹ́ baiti 4, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 60, ìgbà tí ẹnì kan bá ta nìkan ló sì ń lọ. Udon lè fi nǹkan bíi kilobaiti 11 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ayò ò dé ìtòsí ibẹ̀. Ohun tó ń jẹ forfait ni ayé náà fúnra rẹ̀ tí wọ́n ń gbà sílẹ̀, àwòrán ara àwọn tó wọlé, àti ohùn tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara yín. Igi rẹ tó ní ewé olówó ńlá yẹn, ge ẹ̀ka rẹ̀ díẹ̀.

Lórí ìdánwò: bí ìwọ nìkan bá ń dán an wò nínú Unity, ìwọ lo ni gbogbo nǹkan, kò sì sí àṣìṣe onínǹkan tó lè hàn. Nínú Build & Test, fi iye client (ẹ̀dà VRChat tí yóò ṣí) sí 2, kí fèrèsé méjì ṣí. Kí ìwọ fi èyí tó wọlé lẹ́yìn ta ayò. Bí èyí bá ṣiṣẹ́, ti àkọ́kọ́ á ṣiṣẹ́.

* * *

Oníbéèrè padà wá

Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń lọ, ẹ ṣeun púpọ̀. Ohun méjì ló kù. Bí mo bá ta, ọ̀rẹ́ mi ń rí i báyìí, àmọ́ ojú ọpọ́n tèmi ni kì í yí mọ́! Èkejì, ọmọdé kan wọlé lánàá, ó ń tẹ ilé nígbà tí kò kàn án, kò tilẹ̀ jókòó.

* * *

Ti àkọ́kọ́ rọrùn. O ti kó gbogbo wáyà àwòrán sínú OnDeserialization. Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn kì í dún lọ́dọ̀ onínǹkan, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbà nìkan ló ti ń dún. Dá ìṣẹ̀lẹ̀ kan sílẹ̀, pè é ní _ToOpon tàbí ohun tó bá wù ọ́, kó gbogbo àwòrán sínú rẹ̀. Kí OnDeserialization pè é, kí wáyà tìrẹ náà pè é lẹ́yìn Set.

Ẹnì kan yóò wá sọ fún ọ pé kí o fi àmì sí sendChange lára Set, kí o sì lo ìṣẹ̀lẹ̀ Change ti variable náà, èyí tó ń dún nígbà tí iye rẹ̀ bá yí, pé ó mọ́ jù. Fún ilẹ̀kùn Kétu, ó mọ́ jù lóòótọ́. Fún tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀, torí nóòdù tó ń kọ nọ́ńbà sínú ilé kan ṣoṣo nínú iye tó tò léra kì í ṣe Set ti variable náà. Change kò ní dún, ìwọ á sì máa wá ohun tí kò sọnù.

Ti ọmọdé: iye synced méjì ló kù tí o kò tíì ní, playerId (nọ́ńbà tí VRChat fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ayé náà) ti ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan. Kí wáyà Interact kọ́kọ́ gba inú Branch, nóòdù tó ń bi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọjá: ṣé ID LocalPlayer bá ti ẹni tó kàn mu? Bí kò bá mu, wáyà parí síbẹ̀, kó má dé SetOwner rárá. Ìyẹn ti tó fún ọmọdé. Bí o bá fẹ́ kí ọpọ́n náà fúnra rẹ̀ máa kọ̀ fún àlejò, OnOwnershipRequest wà. Ó ń dún lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọrọ àti lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín; bí ọ̀kan bá dá False padà, ọpọ́n kò kúrò níbi tó wà. Ìbéèrè Branch yẹn kan náà ni kí o kó síbẹ̀, ṣùgbọ́n ID ẹni tó ń tọrọ ni kí o lò, kì í ṣe ti LocalPlayer. Má sì gbàgbé OnPlayerLeft: bí ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì bá jáde, kí onínǹkan sọ ID bẹ́ǹṣì yẹn di 0, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọpọ́n rẹ á máa dúró de ẹni tó ti lọ sùn. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó kàn gan-an ló jáde, ẹni tó bá jókòó sí ipò rẹ̀ ni yóò ta.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá bákan náà ló rí nínú Unreal, ẹ́ńjìnì tí wọ́n fi ń kọ́ eré: nǹkan mìíràn ni, má gbé àṣà VRChat lọ síbẹ̀. Níbẹ̀, iye tí o bá fi àmì Replicated sí ń ti ọ̀dọ̀ server (kọ̀ǹpútà tó ń darí eré) lọ sọ́dọ̀ àwọn client (kọ̀ǹpútà àwọn tó ń ṣeré), ọ̀nà kan ṣoṣo. Client tó bá Set é, tirẹ̀ nìkan ló yí. Ìṣẹ̀lẹ̀ Run on Server lo máa fi bẹ̀bẹ̀, lára actor (nǹkan inú eré) tó jẹ́ tìrẹ, bíi PlayerController. Ọ̀nà ará Kétu ni òfin ibẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. RepNotify ni yóò ṣe iṣẹ́ OnDeserialization fún ọ. Nínú Blueprint, ìyẹn nóòdù àti wáyà ti Unreal, server náà yóò ṣe é nígbà tó bá Set, o kò ní láti pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Resonite, ayé orí íńtánẹ́ẹ̀tì mìíràn bíi VRChat, ló wà lódìkejì pátápátá: gbogbo iye ló ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo èèyàn láìjẹ́ pé o fi àmì kankan sí i, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ nóòdù Write ló ń kọ ọ́. Ó dùn láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èèyàn ogún wọlé ná.

* * *

Oníbéèrè

Ìkan ṣoṣo tó kù, ẹ̀gbọ́n: ṣé mo lè tọ́jú iye ayò tí kálukú ti jẹ, kó lè bá a lọ́la?

* * *

PlayerData ni, ibi tí VRChat ń tọ́jú nǹkan ẹnì kọ̀ọ̀kan sí; ó wà nínú VRChat láti ìparí 2024. Àyè rẹ̀ jẹ́ kilobaiti 100 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ayé kan, ìwọ á fi nọ́ńbà kan ṣoṣo jẹ nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè ka ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ti ara ẹni nìkan lèèyàn lè kọ. Nítorí náà, má ṣe bọ́tìnnì "mo jẹ". Àwọn ọ̀ta ayò tí mo mọ̀ yóò tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó jókòó. Inú _ToOpon ni kí o ti wò ó: bí ẹnì kan bá ti kó ọmọ 25, ayò ti parí nìyẹn, kí kọ̀ǹpútà ẹni náà fi 1 kún tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Fi àmì kan pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé a ti kà á fún ayò yìí, torí _ToOpon lè dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ́yìn tí ayò parí, kí o sì pa àmì náà rẹ́ nígbà tí wọ́n bá da ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin padà sínú ilé.